Wáyà Tí Màmá Kò Jẹ́ Kó Já

Àwọn ọmọ àdúgbò wa kò mọ orúkọ bàbá ọkọ mi. Bàbá Hẹ́lóò ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dá wọn lóhùn. Bó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnìkan gbé pàǹtírí kọjá láti lọ dà á síbi tí kò yẹ, "hẹ́lóò" ni yóò sọ, ohùn rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀ ní ìparí, onítọ̀hún á sì yí padà pẹ̀lú pàǹtírí rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a jà. Tí ọmọ kékeré bá ṣubú lójú títì, hẹ́lóò tó ń sọ fún un a máa rọ̀, á gùn, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ "pẹ̀lẹ́", ọmọ náà á sì gbàgbé pé òun fẹ́ sunkún. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ rẹ̀ sí i létí, tí mo ti ka ti oṣù yìí tán tí mo fẹ́ mú ti èṣí, ó ní hẹ́lóò kan fún èmi náà. Èyí kúrú. Mo máa ń panu mọ́ bí mo bá ti gbọ́ ọ, torí èmi náà á mọ̀ pé mo ti ń sọ àsọjù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé wọn, ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Nílé tiwa, ọmọ tó bá sọ hẹ́lóò fún àgbà, ìgbájú ló máa fi parí ẹ̀. Ìyá tó bí mi á ní ṣé orúnkún mi ti gan ni? Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń sinmi, fún òjò, fún oòrùn, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun orí rẹ̀, kí la tún fẹ́ fi hẹ́lóò ṣe? Mo sọ ọ́ fún Bàbá lọ́jọ́ kan. Mo sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n rò ó wò ná. Tẹlifóònù dún, mo gbé e, mi ò rí ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ó lè jẹ́ ọ̀gá mi, ó lè jẹ́ ọmọ àbúrò mi, ó lè jẹ́ bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ṣé "o" ni mo máa lò ni, àbí "ẹ"? "Hẹ́lóò ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ fún ẹni tí kò tíì rí," ó ní. "Kò rí ẹnikẹ́ni fín, kò sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń béèrè bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ ni." Láti ọjọ́ yẹn mi ò bá a jà sí i mọ́.

Iṣẹ́ orí òpó ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyẹn láyé ìgbà tí tẹlifóònù ṣì ń jókòó sójú kan nínú ilé, tí wáyà rẹ̀ ń gba orí òpó onígi kọjá láti òpópónà kan sí èkejì. Irin eléyín ni àwọn tó ń tún wáyà náà ṣe máa ń dè mọ́ bàtà, wọ́n á fi bẹ́líìtì awọ so ara wọn mọ́ òpó, wọ́n á sì gùn ún. Tẹlifóònù kékeré kan wà ní ìbàdí wọn tí wọ́n ń há mọ́ wáyà lókè níbẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ lọ́hùn-ún, obìnrin kan jókòó síwájú pátákó tó kún fún ihò. Yóò ki okùn bọ ihò tó jẹ́ ti wáyà náà, yóò sì sọ pé hẹ́lóò. Ẹni tó wà lórí òpó á dáhùn pé hẹ́lóò. Nínú ìyẹn nìkan ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá omi ti wọ wáyà, bóyá ewé ń kàn án, bóyá ibi tí wọ́n ti so ó ti dípẹtà.

Obìnrin tó wà níwájú pátákó yẹn ni Màmá, ìyá ọkọ mi. Bàbá ní ohùn rẹ̀ lòun kọ́kọ́ mọ̀, ohùn náà sì ga débi pé òun ti ń múra àtigbójú sókè wo ẹni tó ni ín. Ìgbà tó wá rí i, kò dé èjìká òun. Iwájú Màmá ló ti máa ń sọ ìtàn yìí, Màmá á sì ní kí ẹni tó ń gun òpó má fi gíga yangàn, òpó ló ga.

Òfin kan wà nídìí iṣẹ́ wọn tí Bàbá ti sọ fún mi títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Tí ọkùnrin bá wà lórí òpó, obìnrin tó so wáyà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fa okùn yọ. Kò gbọ́dọ̀ dìde, kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu, kó má lọ jẹ́ pé ìgbà tí òkèlè bá wà lẹ́nu rẹ̀ ni ẹni òkè máa ké. Ó di ìgbà tí ọkùnrin náà bá sọ̀ kalẹ̀, tó pè é láti inú àpótí irin tó wà nísàlẹ̀ òpó, tó ní, "Mo ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀." Ìgbà yẹn ló tó lè fa okùn rẹ̀ yọ kó lọ jẹun.

Díẹ̀díẹ̀ ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó gbàgbé ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí, ìyẹn kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé ọ̀nà balùwẹ̀. Ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó gbàgbé ẹni tí èmi jẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku hẹ́lóò nìkan. Ẹni tí kò gbé pẹ̀lú wa lè rò pé ìyẹn ò lè tó. Ó tó wa lò. Hẹ́lóò tó fi ń béèrè omi yàtọ̀ sí èyí tó fi ń sọ pé omi ti gbóná jù. Ó ní èyí tó wà fún ilé ìyàgbẹ́, mi ò sì jẹ́ dúró kó sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀, òun àti Bàbá á máa sọ ọ́ síra wọn títí tíì tí wọ́n ń mu á fi tutù, Bàbá á wá ní òun ti gbọ́ gbogbo ìròyìn.

Òjò ló kó ìdààmú dé. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ìbáà jẹ́ ọ̀sán gangan, Màmá á dìde níbi tó bá wà, á lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Yóò fi ọwọ́ òsì bo etí. Yóò fi ọwọ́ ọ̀tún mú okùn aṣọ fèrèsé, yóò ki orí okùn náà bọ ihò kan lára ògiri níbi tí ìṣó ti jábọ́ nígbà kan, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. "Hẹ́lóò," yóò wí. Yóò dákẹ́, yóò tẹ́tí. "Hẹ́lóò." Kì í ṣe ohùn arúgbó rárá. Ohùn ọmọge ni, ó mọ́ gaara, ẹnu arúgbó ló sì ń gbà jáde.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́. Kì í ṣe hẹ́lóò yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń tẹ̀ lé e ni. Ó ń fi àyè sílẹ̀ tó ìwọ̀n tí ẹnìkan lè fi dáhùn, orí rẹ̀ á sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé ó ń gbọ́ èémí onítọ̀hún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa rédíò bí òjò bá ti ṣú. Mi ò gba àárín òun àti fèrèsé kọjá mọ́. Lọ́jọ́ kan mo ṣàdéédéé rí i pé èmi náà ti dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, mò ń tẹ́tí, ọṣẹ ń kán láti ara abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi sórí ilẹ̀.

Lọ́dún yẹn, òjò ò jẹ́ ká gbádùn. Àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú kó tó dá, ọjọ́ kejì á tún gbé tirẹ̀ dé. Títí òjò á fi dá, Màmá ò ní kúrò lórí àga yẹn, kò sì ní jẹ́ kí nǹkan kan gba ọ̀nà ọ̀fun òun. Mo gbé ọbẹ̀ sún mọ́ ọn, ó yíjú. Mo fi ṣíbí kan ètè rẹ̀, ó pa eyín pọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kọrin fún un, mo bínú, mo tún padà bẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó ń fún un tẹ́lẹ̀ ti ń já bọ́ léjìká rẹ̀.

Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, kò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì pè wá, ó ní kí n gbé fóònù sórí sípíkà kí Bàbá lè gbọ́. Ó ní bí Màmá ò bá jẹun kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun ń mú ọkọ̀ bọ̀ wá gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n á fi rọ́bà sí i nímú, oúnjẹ á máa gba ibẹ̀ lọ. Mo béèrè pé ṣé kò ní fà á yọ. Ó ní wọ́n máa ń so àwọn arúgbó náà lọ́wọ́. Inú òun náà ò dùn sí i, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Bàbá dìde kúrò níbẹ̀.

Ilé ìdáná ló bá mi lẹ́yìn náà. Ó fìdí lé àga kékeré, ó ń wo bí mo ṣe ń fọ abọ́. Ó ní òun mọ ẹni tí Màmá ń pè.

Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà tí wọ́n jọ ń gun òpó, Súfèé ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, torí kì í sọ hẹ́lóò lórí wáyà láìkọ́kọ́ sú ìfé. Màmá á sì rẹ́rìn-ín. Òun náà ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti orí òpó tòun, torí wáyà àwọn méjèèjì ló wà lọ́wọ́ Màmá. Gbogbo wọn rò pé Súfèé ni yóò fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, àwọn méjèèjì wà lórí òpó méjì tó tẹ̀ léra wọn ní òpópónà kan náà. Atẹ́gùn dé. Ikán ti jẹ òpó Súfèé láti ìsàlẹ̀, ojú lásán ò sì lè rí i. Ó dá, ó gbé Súfèé ṣubú. Bàbá já wálẹ̀ láti orí tirẹ̀, ó sáré lọ gbé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé itan nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí Súfèé fi dákẹ́.

Àwọn tó wà nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ló sọ fún un pé Màmá jókòó síwájú pátákó tó ń pe hẹ́lóò, hẹ́lóò, títí ilẹ̀ fi ṣú, pé agbára ni wọ́n fi tú ìka rẹ̀ kúrò lára okùn. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, Bàbá ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó gbà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó gbà. Láti ìgbà náà wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún ara wọn rí. Bàbá ò béèrè ẹni tó ń pè lọ́jọ́ náà, torí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Mo ní kó kúkú dá a lóhùn. Kó di Súfèé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sọ pé òun ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí Màmá lè fi okùn sílẹ̀ kó jẹun. Bàbá wò mí bíi pé mo gbá a létí.

"Òkú kì í darúgbó, ìyàwó," ó ní. "Èmi ni mo darúgbó. Bí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, kí ló tún fẹ́ fi èmi ṣe?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí. Ṣùgbọ́n mo rántí ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ so. Mo ní, "Bàbá, béèyàn bá ń sunkún, ó máa ń ríran." Ó mi orí, ó sì bọ́ síta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ariwo kan láti balùwẹ̀, fúù, fúù, bíi kẹ́tù omi tí kò tíì hó. Bàbá ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sú ìfé. Ó gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú eyín tí dókítà ṣe fún un, ó yọ eyín, ó tún gbìyànjú rẹ̀ láìsí i. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá rẹ́rìn-ín títí màá fi jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ńṣe ni mo lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Òjò ti ṣú. Màmá ti wà lórí àga rẹ̀, okùn ti wà nínú ihò. Bàbá fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú tẹlifóònù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀, okùn rẹ̀ ti gé, ó kàn ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí Màmá má bàa rí ojú rẹ̀. Èmi jókòó ti Màmá pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ lórí itan.

"Hẹ́lóò," Màmá wí.

Ìfé náà wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohùn lọ, ṣùgbọ́n orin ni. Ìka Màmá le lára okùn.

"Hẹ́lóò," Bàbá wí. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó fi ẹ̀rín sí i, ohùn ọ̀dọ́kùnrin tí mi ò mọ̀ rí. "Súfèé ni. Mo ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀."

Mo ti bu ọbẹ̀ sínú ṣíbí. Mo ń wo ojú Màmá, mo ń retí ẹ̀rín yẹn tí Bàbá sọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu rẹ̀ láti bí ọdún kan.

"Mo mọ̀, Súfèé," ó ní. "Wọ́n ti sọ fún mi. Sùn re o." Ó tún okùn tẹ̀ mọ́ ihò. "Kúrò lórí wáyà. Ìkejì rẹ ni mò ń pè. Ó ṣì wà lókè, kò tíì sọ fún mi pé òun ti sọ̀." Ó yíjú sí ògiri. "Hẹ́lóò."

Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo lọ wo Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ti fara ti ògiri, ó tẹ tẹlifóònù mọ́ àyà.

"Mi ò pè é," ó sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́. "Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Súfèé. Mi ò dé ìdí àpótí irin ìsàlẹ̀ òpó. Èmi ni mi ò pè é."

Ó ti tó àádọ́ta ọdún tó ti ń rò pé òun ni ẹnìkejì lọ́kàn Màmá, lẹ́yìn Súfèé. Wáyà Súfèé ti já lọ́jọ́ náà gan-an, Màmá sì mọ̀ pé ó já. Ti Bàbá ló dì mú. Mo sunkún níbẹ̀, mo sì fi apá aṣọ mi nu ojú rẹ̀ àti ojú tèmi, torí kò sí ẹni tó ráyè ìtìjú.

Bàbá ò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà pẹ̀lú orúnkún tó máa ń dùn ún, ó sì gbé tẹlifóònù sẹ́nu.

"Hẹ́lóò," ó ní. Mo ti gbọ́ gbogbo hẹ́lóò rẹ̀ rí, mi ò gbọ́ ìyẹn rí.

"Hẹ́lóò? Níbo lo wà?"

"Mo wà nísàlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nísàlẹ̀. Má bínú, mi ò tètè pè. Mo ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀."

Màmá mí kanlẹ̀. Ó fa okùn yọ nínú ihò, ó sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kejì ra àtẹ́lẹwọ́ tó fi di okùn náà mú. Nígbà tí mo gbé ṣíbí wá, ó la ẹnu, ó jẹ, ó jẹ títí mo fi fá ìdí ìkòkò.

Kì í ṣe pé ara rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ ò padà wá, òjò tó tẹ̀ lé e sì tún bá a lórí àga. Ṣùgbọ́n Bàbá á kúnlẹ̀, á pè é, á ní òun ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀, Màmá á fa okùn yọ, á jẹun. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá, ó rí i, ó dúró tì wá fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì dá ọkọ̀ tó mú wá padà lófìfo. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni Màmá kú, lójú oorun, lọ́jọ́ tí oòrùn mú gan-an. Kò sí okùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú ṣú lánàá, lọ́sàn-án. Mo ń gbé oúnjẹ Bàbá bọ̀ láti ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó ti jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó fi ọwọ́ bo etí, okùn aṣọ fèrèsé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ki orí okùn náà bọ ihò.

"Hẹ́lóò," ó ní. Ó fi àyè sílẹ̀, ó tẹ́tí.

Mo dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Mo ní kó jẹun ná, oúnjẹ ń tutù. Kò wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí.

"Mo mọ̀ pé ó ti kú, ìyàwó," ó ní. "Orí mi pé. Ṣùgbọ́n kò tíì pè mí pé òun ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀."

Mo gbé àwo náà sílẹ̀, mo fi nǹkan bò ó, mo pa rédíò, mo sì jókòó tì í.